Ẹnu Oníkàn La Ti Ń Gbọ́ Pọ̀ún: Ohun Tí Àwọn Obìnrin Ń Sọ Lẹ́yìn Àtúnṣe Ọmú

Dókítà ṣí aṣọ, ó wo ojú abẹ, ó fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ó ti jinná, ó mọ́ dáadáa." Ẹ̀gbọ́n màmá mi dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé o, dókítà." Ó parí náà nìyẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé. Ìgbà tí a dé ìdí ọkọ̀ ni wọ́n tó sọ fún mi pé láti oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti gé ọmú òsì àwọn, àwọn kò tíì lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Pé èjìká máa ń fa àwọn bí àwọn bá nawọ́ mú àwo lókè. Pé bí àwọn bá fẹ́ wẹ̀, àwọn á kọ́kọ́ pa iná ilé ìwẹ̀. Dókítà kò bi wọ́n ní ìkankan nínú rẹ̀. Àwọn náà kò sì sọ, torí ta ni yóò dá dókítà dúró máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí èrò ṣì kún orí bẹ́ǹṣì níta?

Nínú fáìlì ilé ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ yẹn yọrí sí rere. Irọ́ kọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò pé.

Ọ̀rọ̀ tó kù yẹn ni àwọn oníṣègùn ti ń wá ọ̀nà láti gbọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, pàápàá lórí àwọn obìnrin tí wọ́n tún ọmú wọn ṣe lẹ́yìn jẹjẹrẹ. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn láti bi, kò rọrùn láti dáhùn: bí wọ́n bá tún ọmú ṣe tán, ta ló yẹ kó sọ pé ó dára? Ṣé ẹni tó mú abẹ ni, àbí ẹni tó ń gbé ara náà kiri?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àtúnṣe náà jẹ́. Bí wọ́n bá gé ọmú kúrò nítorí jẹjẹrẹ, ọ̀nà pàtàkì méjì ni wọ́n fi ń dá ìrísí ọmú padà. Àkọ́kọ́ ni àpò sílíkónì tàbí àpò omi iyọ̀. Nígbà púpọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ti àpò kan tó ṣófo sábẹ́ awọ àyà, wọ́n á máa rọ omi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí awọ á fi nà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ ọ́, tí wọ́n á fi àpò gidi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni láti mú awọ àti ọ̀rá lára obìnrin náà fúnra rẹ̀, ìsàlẹ̀ ikùn ló sì wọ́pọ̀ jù. Láyé àtijọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n máa ń mú iṣan ńlá iwájú ikùn mọ́ ọn. Ìgbà tó di ọdún 1994 ni dókítà Robert Allen ní New Orleans tẹ ìròyìn jáde lórí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi iṣan ikùn sílẹ̀ níbi tó wà: awọ, ọ̀rá àti òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín nìkan ni wọ́n máa mú, wọ́n á wá fi awò amúǹkantóbi so òpó ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ ti àyà. DIEP ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni, ojú ọgbẹ́ méjì ni obìnrin náà yóò sì máa tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, ti àyà àti ti ikùn.

Tẹ́lẹ̀, bí oníṣẹ́ abẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ dára, yóò ka iye ènìyàn tí ọgbẹ́ wọn kẹ̀, iye àwọn tó ní láti padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, yóò sì ya fọ́tò. Àwọn oníṣègùn mìíràn á wá jókòó wo fọ́tò náà, wọ́n á fún un ní máàkì. Mi ò sọ pé ìyẹn kò wúlò. Ọgbẹ́ tó kẹ̀ ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè sọ bóyá ọmú náà tutù bí ilẹ̀ nígbà ọyẹ́. Kò lè sọ bóyá obìnrin náà lè dì mọ́ ọmọ rẹ̀ láìfà sẹ́yìn, tàbí bóyá ó ṣì ń bọ́ra lójú ọkọ rẹ̀.

Lọ́dún 2009 ni Andrea Pusic, tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara, pẹ̀lú Anne Klassen, Stefan Cano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí wọ́n pè ní BREAST-Q. Ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York àti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà ni iṣẹ́ náà ti jáde. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọn kò jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n máa méfò ohun tó lè máa dun obìnrin. Àwọn obìnrin tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n lọ bá, wọ́n gbọ́ wọn lẹ́nu, inú ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n sì ti fa ìbéèrè jáde. Wọ́n á bi ọ́ bí ara rẹ ṣe rí sí ọ nínú dígí nígbà tí o wọṣọ, wọ́n á sì tún bi ọ́ nígbà tí o kò wọṣọ. Wọ́n á bi ọ́ bóyá kọ́mú rẹ jókòó dáadáa, bóyá ọmú méjèèjì bá ara wọn dọ́gba, bóyá o lè gbé apá sókè, bóyá oorun rẹ já gaara, bóyá ọkàn rẹ balẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ náà wà níbẹ̀, wọn kò fi bò. Wọ́n á tún bi ọ́ bóyá dókítà ṣàlàyé tó kí ó tó mú abẹ.

Apá kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, láti òdo sí 100, wọn kì í ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó sì bójú mu bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ìrísí ọmú rẹ̀ lè máa jẹ̀rora ní èjìká lójoojúmọ́. Bí o bá da méjèèjì pọ̀, ọ̀kan á bo èkejì mọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń dáhùn rẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, wọ́n á sì tún dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé.

Ní báyìí tí irinṣẹ́ ti wà, kí ni àwọn obìnrin sọ?

Ìwádìí tó tóbi jù tí mo mọ̀ lórí èyí ni ti ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn 11 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn obìnrin jọ lọ́dún 2012. Èsì ọdún méjì jáde nínú ìwé ìròyìn JAMA Surgery lọ́dún 2018. Àwọn obìnrin 2,013 ni wọ́n tẹ̀ lé: 1,490 lo àpò, 523 lo ẹran ara wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tó lo ẹran ara wọn fi nǹkan bí máàkì 8 borí àwọn tó lo àpò lórí ìtẹ́lọ́rùn pẹ̀lú ọmú wọn. Lórí ìbálòpọ̀, wọ́n fi nǹkan bí 5 àtààbọ̀ borí. Lórí ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìbágbé ẹgbẹ́, ó lé díẹ̀ ní 3.

Máàkì 8 nínú 100, ṣé ó tó nǹkan? Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi nìyí nígbàkigbà tí wọ́n bá ka èsì báyìí sí wa létí. Àwọn olùwádìí ti ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé lórí ìtẹ́lọ́rùn, ìbálòpọ̀ àti ìfọ̀kànbalẹ̀, bí máàkì 4 ni ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ tó kí obìnrin tó mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, ti ìtẹ́lọ́rùn hàn kedere, ti ìbálòpọ̀ náà hàn, ti ìfọ̀kànbalẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ fún obìnrin pé ayé rẹ̀ yóò yí padà pátápátá nítorí pé ó yan ẹran ikùn dípò àpò, ó ti fi ẹnu lé ju ohun tí àwọn obìnrin yẹn sọ lọ.

Àti pé ohun tó dára yìí ní iye tó ń gbà. Nínú ìwádìí kan náà, nígbà tí wọ́n wo obìnrin 2,343 fún ọdún méjì, nǹkan bí 33 nínú 100 ló ní ìṣòro kan tàbí òmíràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí 19 nínú 100 ló sì padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀. Àwọn tó lo ẹran ara wọn ni ìṣòro sábà máa ń bá jù. Síbẹ̀, àwọn kan náà ni inú wọn dùn jù bí ọdún méjì ṣe pé. Bí a bá wo ìwé ìṣòro nìkan, a ó ní kí gbogbo obìnrin lọ gba àpò. Bí a bá tẹ́tí sí obìnrin, ọ̀rọ̀ á yí. Ikùn tí wọ́n mú ẹran níbẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: ó máa ń fà, agbára rẹ̀ a máa dín kù, ẹni tó sì ń gbé ẹrù tàbí tó ń fi ọ̀jà pọn ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìyẹn kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Níbi tí ohùn àwọn obìnrin ti le jù, tó sì yẹ kó dá dókítà dúró, ni ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ìyẹn iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́kù lára. Ọ̀pọ̀ ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti rìn jìnnà ni wọ́n máa fi ìtànṣán tọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán yìí a sì máa mú kí awọ le, kí ó sún kì, kí ó fún àpò tó wà nínú rẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tí aṣọ bá fún lẹ́yìn fífọ̀. Èsì kan láti inú ìwádìí yìí kan náà, tó jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé láàárín àwọn tó gba ìtànṣán, máàkì ìtẹ́lọ́rùn àwọn tó lo ẹran ara wọn jẹ́ 63.5, ti àwọn tó lo àpò sì jẹ́ 47.7. Ó tó máàkì 16. Ìyẹn jìnnà gan-an sí 4 tí obìnrin máa ń mọ̀ lára. Obìnrin tí wọ́n ti mọ̀ pé yóò gba ìtànṣán, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ èyí fún un kí wọ́n tó fi àpò sí i lára, wọ́n ti ṣe é níkà, kódà bí abẹ náà bá mọ́ bí ojú omi.

Ó tún ku ohun kan tí kò sí nínú fọ́tò kankan. Ọmú tí wọ́n tún ṣe kì í sábà mọ nǹkan lára. Nígbà tí wọ́n gé ọmú kúrò, wọ́n gé àwọn okùn tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Bó ti wù kí ó rí rèǹtèrente tó, o lè gbé ife tíì gbígbóná lé e kí o má mọ̀ títí awọ fi bó. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ti ń gbìyànjú láti so okùn wọ̀nyí padà nísinsìnyí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ló jẹ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tó mọ̀ pé "a ó dá a padà" tí dókítà sọ, ìrísí rẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ìmọ̀lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, etí méjì gbọ́ ọ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyẹn ló mú mi dé orí àṣìgbọ́ láàárín dókítà àti aláìsàn. Lọ́dún 2017, ìwádìí kan tí Clara Lee, oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín obìnrin 126 tí wọ́n fẹ́ gé ọmú wọn fi hàn pé bí 43 nínú 100 péré ló ṣe ìpinnu tó ní ìmọ̀ nínú, tó sì bá ohun tí ọkàn àwọn fúnra wọn ń fẹ́ mu. Èyí tí wọn kò mọ̀ jù ni bí ìṣòro ṣe máa ń pọ̀ tó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe púrúǹtù o. Ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní jẹjẹrẹ ni wọ́n, tí wọ́n wá da ọ̀rọ̀ bò nínú yàrá kan láàárín wákàtí kan.

Kò sì yẹ ká sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo obìnrin ló fẹ́ ọmú mìíràn. Àwọn kan wà tí wọ́n ní kí àyà àwọn wà ní pẹrẹsẹ, kí wọ́n kàn rán an kó dán, kó má ní ẹran tó ń ṣù jọ lábẹ́ abíyá. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021, tí àwọn oníṣègùn Yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà ṣe, obìnrin 931 ló dáhùn. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ìpinnu àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn. Àmọ́ bí 22 nínú 100 ló ní dókítà kò gbọ́ tàwọn: wọ́n rọ̀ wọ́n títí, tàbí wọ́n fi awọ sílẹ̀ "bóyá ẹ máa yí ọkàn padà" láìgba àṣẹ wọn. Ẹ wo bí ó ti rí. Obìnrin sọ̀rọ̀ ketekete kí wọ́n tó fi oorun kùn ún, ó jí, ó bá nǹkan tí kò béèrè lára rẹ̀.

Òfin àti owó náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti wà láti ọdún 1998 pé adójútòfò tó bá ń sanwó gígé ọmú gbọ́dọ̀ sanwó àtúnṣe rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ kì í rí àtúnṣe náà gbà tó àwọn aláwọ̀ funfun. Ní Britain, NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù nípa bí ohùn aláìsàn ṣe lè yí nǹkan padà ni ti ọdún 2023, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ pa kóòdù ìsanwó kan rẹ́, èyí tó ya DIEP sọ́tọ̀ sí àwọn iṣẹ́ tó rọrùn jù ú lọ. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, owó tí adójútòfò ń san yóò já wálẹ̀, oníṣẹ́ abẹ á sì máa sá fún iṣẹ́ náà. Àwọn obìnrin tó ti ṣe é jáde, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ìta gbangba tí wọ́n pè ní oṣù kẹfà. Ní oṣù kẹjọ, ìjọba ní àwọn kò ní pa kóòdù náà rẹ́ mọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ẹni tó ń sá fún ikú, kí ló kàn án pẹ̀lú dígí? Èsì mi rèé: bíbi aláìsàn léèrè lè fa ẹ̀mí gùn pàápàá. Lọ́dún 2017, dókítà jẹjẹrẹ Ethan Basch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 766 tí jẹjẹrẹ ti tàn ká ara wọn, tí wọ́n ń gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ní Memorial Sloan Kettering. Apá kan ń lo kọ̀ǹpútà láti sọ bí ara ṣe ń ṣe wọ́n, nọ́ọ̀sì sì ń gbọ́ kíákíá bí nǹkan bá le. Apá kejì ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìdajì àwọn ti àkọ́kọ́ ṣì wà láyé lẹ́yìn oṣù 31. Ti àwọn kejì, oṣù 26 ni. Kì í ṣe oògùn tuntun ló fa oṣù márùn-ún yẹn. Wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n gbọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àwọn ìwádìí wọ̀nyí kù sí. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó wà nínú èyí tó tóbi yẹn jẹ́ aláwọ̀ funfun, ilé ìwòsàn ńláńlá ni wọ́n ti gba ìtọ́jú, àwọn mìíràn kò sì dá ìwé padà kí ọdún méjì tó pé. Awọ wa sábà máa ń ní àpá tó ń wú sókè ju tiwọn lọ. Kò yẹ ká gbé máàkì wọn wálé bí ẹni gbé aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíràn wọ̀.

Ní Nàìjíríà, àjọ IARC tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ó lé ní 32,000 ènìyàn tí jẹjẹrẹ ọmú mú lọ́dún 2022, àti pé ó lé ní 16,000 tó kú. Púpọ̀ ló ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí àrùn náà ti rìn jìnnà, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ sì fi ń sanwó. Àtúnṣe ọmú ṣọ̀wọ́n níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara wà ní UCH Ìbàdàn àti ní Ìgbóbì l'Ékòó. Òwú tí wọ́n dì sínú aṣọ ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń kì bọ kọ́mú. Ti ẹ̀gbọ́n màmá mi, àwọn fúnra wọn ló rán an, láti ara ìró àǹkárá tó ti gbó. Wọ́n fi ìrẹsì díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kó lè wúwo, kó má baà máa fò sókè bí wọ́n bá ń jó.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kò gbówó lórí. BREAST-Q kì í gba owó lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè. Memorial Sloan Kettering kan náà sì ń bá ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ pọ̀. Èyí tó bá dun obìnrin tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ tí wọn kò tún un ṣe, ó yẹ kí òun náà rí ibi sọ ọ́.

Mo ka díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà sí ẹ̀gbọ́n màmá mi létí, mo ń tú u sí Yorùbá bí mo ti ń kà á. Ti dígí pẹ̀lú aṣọ, wọ́n dáhùn kíá: "Bí mo bá ti wọ bùbá, kò sẹ́ni tó mọ̀." Ti dígí láìsí aṣọ, wọ́n ká ìborùn wọn, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká. Wọ́n ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ ná." Mo fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọn ò kí mi tán tí wọ́n fi bi mí pé, "Ti èjìká yìí ńkọ́, ṣé ó wà nínú ìwé wọn?"

Mo ní ó wà.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni, àgàgà lóru."